Ó Ní Òun Lọ Kí Odò

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn ogun Jámánì, níbi tá a ti ń dúró de ọkọ̀ létí Odò Ògùn l'Abẹ́òkúta, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń bá àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wí.

“Ṣebí gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ ojú omi díje lẹ jọ fẹnu kò pé ẹnì kankan ò ní wakọ̀ lójú odò tẹ́ ẹ ti máa díje títí ọjọ́ ìdíje á fi pé?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo kàn lọ kí odò ni.”

“O lọ kí odò, o wá gbé àjẹ̀ ọkọ̀ dání? Ọmọ ìyá mi, lọ́la, kó àwọn yòókù dání, kẹ́ ẹ jọ lọ kí i.”

“Ṣé ẹ ò fẹ́ kí n gba ife ni?”

Obìnrin náà fi etí ìró nu òógùn ọrùn rẹ̀.

“Èyí tó o bá gbà bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi mumi.”