Èmi Ni, Kì í Ṣe Ìyá Ilobi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka èyí tán kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Obìnrin àgbàlagbà kan ń jìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi dá. Ó wá bá mi ní ilé-ìwé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Láti ìgbà náà ni oúnjẹ kò ti dùn lẹ́nu mi mọ́.

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní Ilaro. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, èmi ni igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Fúnmi, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi níbẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun lọ́sàn-án, nígbà tó sì bí àkọ́bí rẹ̀, èmi ni mo ń bá a wẹ ọmọ náà títí ara rẹ̀ fi mókun.

N kò mọ̀ pé ó ti ń wá iṣẹ́ olùkọ́ ní Ìlú Ọba. Wọ́n nílò olùkọ́ físíìsì níbẹ̀, ilé-ìwé kan sì ti fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ni yóò fún un ní ìwé tí yóò fi gba físà iṣẹ́. Ọ̀gá wa ló kọ lẹ́tà tó fi jẹ́rìí sí i, ó sì kọ ọ́ dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀gá àti ọkọ rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni Fúnmi sọ fún: Ìyá Ilobi, àbúrò ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà ní ìlú Ilobi.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. A kì í sọ̀rọ̀ ìrìn àjò títí bàálù yóò fi gbéra. Ẹlòmíràn á ní òun ń lọ kí ẹbí ní Aiyetoro, Kánádà ni yóò ti pè yín.

Ọ̀gá lọ sí ìpàdé ní Abẹ́òkúta lọ́jọ́ tí wọ́n pè láti Ìlú Ọba. Fóònù ilé-ìwé wà lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní òun fẹ́ béèrè nípa Fúnmi tó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn. Ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ jọ jẹun tán. Inú bí mi, mo sì jowú, kí n má parọ́ fún yín. Èmi tí mo ti ń kọ́ni kí Fúnmi tó wọ yunifásítì, ta ló pè mí síbì kan?

Obìnrin náà béèrè bóyá Fúnmi ń wá sí iṣẹ́ déédéé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá béèrè bóyá ohunkóhun wà tó yẹ kí àwọn mọ̀ kí àwọn tó fi ọmọdé sí ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Fúnmi kì í na ọmọ, kì í bú wọn. Síbẹ̀, mo ní, "Mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan lórí ìyẹn." Obìnrin náà dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Wọ́n kọ̀wé sí Fúnmi pé àwọn kò ní lè tẹ̀ síwájú mọ́. Wọn kò sọ ìdí. Bí físà ṣe bọ́ nìyẹn. Ó pẹ́ tí mo fi ń sọ fún ara mi pé n kò parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ọmọ kíláàsì mi bá ṣe irú rẹ̀, màá ní irọ́ ló pa.

Fúnmi gbórí lé itan mi, ó sunkún. Ìgbà yẹn ló tó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ò ní ba tiwa jẹ́. Ọ̀gá ló kọ lẹ́tà. Ta ló wá kù tí kì í ṣe Ìyá?"

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo sọ ni, "Ayé le o." Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yẹn burú ju ti fóònù lọ, nítorí inú kò bí mi mọ́ nígbà tí mo sọ ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

Láti ọjọ́ náà ni Fúnmi kò ti dé Ilobi mọ́. Ó ka ẹni tó ra ìwé àkọ́kọ́ fún un sí àjẹ́. Ìyá kò sì yé wá. Bí ó bá ti wá ná ọjà, á gbé gàrí wá sí ẹnu géètì ilé-ìwé wa. Fúnmi kì í jáde sí i. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gbà á. Ẹ jẹ ẹ́ tàbí kí ẹ dà á nù. Mi ò lè jẹ nǹkan tó tọwọ́ wọn wá."

Gàrí tó dára ni. Ó kan dáadáa, ó sì gbẹ. Èmi àti àwọn ọmọ mi la ti ń jẹ ẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá ní kí n jókòó ti òun lábẹ́ igi máńgòrò. Ó ti rù, agbára káká ló fi ń mí. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ ni Fúnmi máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò mọ nǹkan tí mo ṣe, àmọ́ bí mo bá ti ṣe é, kó dárí jì mí. Mi ò fẹ́ kú mọ́ orúkọ àjẹ́ yìí." Ó ti ń wá ibi tí yóò fi orúnkún lé. Mo dì í mú. Mo dá a jókòó padà, mo sì gba gàrí tó gbé wá.

Ọ̀gá wa ti fẹ̀yìntì, èmi ni ọ̀gá báyìí. Fúnmi sì ti rí ilé-ìwé mìíràn ní Ìlú Ọba tó fẹ́ gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ mi ló fi sílẹ̀ pé kí wọ́n pè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, yàtọ̀ sí ọkọ mi, ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, kó má dé Ilobi."

Tí wọ́n bá pè, gbogbo rere tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni màá sọ. Ìyẹn kò nira. Ṣùgbọ́n tí mo bá jẹ́wọ́ fún un kí wọ́n tó pè, yóò yọ orúkọ mi, ọ̀nà náà lè tún dí. Tí mo bá dúró di ìgbà tó bá lọ, n kò rò pé Ìyá lè dúró. Nígbà mìíràn mo máa ń bi ara mi bóyá ọ̀nà Fúnmi ni mo ń rò lóòótọ́, àbí ojú tì mí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, kí ẹ sì bá mi bẹ Ọlọ́run. Gàrí tí Ìyá gbé wá kẹ́yìn wà ní ìdí ilẹ̀kùn mi. N kò lè jẹ ẹ́, n kò sì lè dá a padà. Ọjọ́ ọjà ń bọ̀, yóò tún wá béèrè èsì Fúnmi lọ́wọ́ mi. Kí ni kí n sọ fún un?