Ṣòkòtò Ọ̀gá Ilé-Ìwé Lọ́rùn Màmá Mi

Òótọ́ ni o, Àǹtí Àgbà! Mo fi Ọlọ́run búra, òótọ́ pọ́ńbélé ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí, láti orí dé ẹsẹ̀. Ó dáa, ká má tíì dé ẹsẹ̀. Láti orí dé orúnkún. Ẹ ṣáà jẹ́ ká gbà pé òótọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, tí irọ́ kékeré kan bá sì há sí i láàárín bí egungun ẹja, èmi fúnra mi ni màá yọ ọ́ fún yín kí n tó dákẹ́. Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ yín wá kí n máa bá yín fẹ́ ẹ, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ooru ni.

Ẹ wo àpò tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Àpò ta ni? Àpò tèmi ni! Bàbá mi ní kí n kó ẹrù mi, pé tó bá di Sátidé, ọ̀dọ̀ àbúrò wọn tó ń ṣe wẹ́dà ni màá lọ máa gbé, ọkùnrin tó jẹ́ pé irin nìkan ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Nítorí kí ni? Wọ́n ní mo fi ṣòkòtò ọ̀gá ilé-ìwé kọ́ Màmá mi lọ́rùn! Èmi! Ṣòkòtò! Ọrùn Màmá mi! Ẹ má rẹ́rìn-ín, Àǹtí Àgbà. Ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn mí, àlọ́ kọ́ ni mò ń pa.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé ṣebí èmi náà ni mo bu iyọ̀ sínú agolo ṣúgà Bàbá mi. Èmi ni. Ṣebí èmi ni mo rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò wọn pa lọ́jọ́ tí wọ́n ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n fi ń fò kiri yàrá bí ọ̀pọ̀lọ́. Èmi náà ni, mi ò sẹ́, ó sì dùn! Àmọ́ tí mo bá ṣe nǹkan, ẹ̀rín mi ló máa ń tú àṣírí mi, ẹ bi ẹnikẹ́ni nílé yìí. Lọ́jọ́ ṣòkòtò yìí, ta ló gbọ́ ẹ̀rín mi? Kò sẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bó dàrán borí, aṣọ olè ló dà bora. Bí adìẹ bá yé ẹyin tó rí gbọọrọ ládùúgbò yìí, èmi ni wọ́n máa pè kí n wá ṣàlàyé.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀, nígbà tí ìwé ò wọ̀ mí lórí tí èmi náà ò wọ inú ìwé, ẹ̀yìn Màmá mi ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ wa yìí. Tábìlì wọn lápá ọ̀tún, tèmi lápá òsì, fíríìjì láàárín. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ máa ń béèrè pé kí ni fíríìjì ń wá ní ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀. Aṣọ ló wà níbẹ̀! Aṣọ funfun tó bá lágídí, a ó wọ́n omi sí i, a ó ká a bí ẹní, a ó fi ọ̀rá wé e, a ó kì í sínú fíríìjì kí ọ̀rinrin má baà kúrò lára rẹ̀. Tó bá jáde níbẹ̀ tó tutù rìnrìn, tí àyọ́ọ̀nù gbígbóná wá gùn ún lẹ́yìn, á nà gbọnrangandan bí ọmọ tí olùkọ́ pe orúkọ rẹ̀. Inú fíríìjì yẹn gan-an ni ìyà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí ooru bẹ̀rẹ̀ sí í mú Màmá mi. Kì í ṣe ooru tí gbogbo wa jọ ń pín o, ooru tiwọn ni, ooru àdáni! A ó jókòó jẹ́ẹ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ wọlé, èmi á wọ súwẹ́tà, kíá ni nǹkan á gùn wọ́n láti àyà dé àtàrí, òógùn á bò wọ́n bí ẹni tó sá eré ìje, wọ́n á ní, “Ta ló ti fèrèsé?” Fèrèsé rèé, ó ṣí sílẹ̀ gbayawu! “Wàhálà, ìwọ lo tì í!” Ẹ ṣáà mọ̀ pé Wàhálà ni wọ́n ń pè mí, orúkọ rere ti tán nígbà tí wọ́n bí mi. Màá ní mi ò fọwọ́ kàn án. Wọ́n á ní mò ń parọ́. Ká tó ṣẹ́jú, òtútù á mú wọn, wọ́n á ní, “Ta ló ṣí fèrèsé?” Àǹtí Àgbà! Fèrèsé kan ṣoṣo!

Wọn ò sùn dáadáa mọ́. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó rí aṣọ ibùsùn wọn lórí okùn, òógùn ti rẹ ẹ́ gbindin, Bàbá mi á sì máa wo èmi, bí ẹni pé mo bu omi lù wọ́n! Ìgbàgbé náà tún dé. Màmá mi tí kì í béèrè aṣọ ta ni, tí wọ́n kàn máa fọwọ́ pa kọ́là báyìí tí wọ́n á ti mọ ẹni tó ni ín, àwọn náà ni wọ́n ń wá àyọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́wọ́ wọn o! “Wàhálà, gbé àyọ́ọ̀nù tí o gbé pamọ́ jáde.” Mo ní, “Màmá, ẹ wo ọwọ́ yín.” Wọ́n wo ọwọ́ wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Báwo lo ṣe gbé e síbẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín o, kí ni kí n ṣe? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan wọ́n di àyà mú, wọ́n ní ó ń lù kìkìkì, wọ́n jókòó sórí òkìtì aṣọ tá ò tíì fọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọn ò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi lọ́jọ́ náà, Àǹtí Àgbà. Mo rò pé ikú ló dé. Èmi yìí, tí mò ń fi aláǹgbá sínú bàtà èèyàn, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo sọ fún Ọlọ́run pé tó bá jẹ́ nítorí iyọ̀ inú ṣúgà yẹn ni, kó jọ̀ọ́, mi ò ṣe mọ́.

Èmi ni mo fà wọ́n lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tó wà níkángun òpópónà wa, ọmọge kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ní kí n dúró níta. Mo dúró níta, etí mi ló wọlé. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó gbọ́ àyà wọn, ó bi wọ́n léèrè nǹkan oṣù. Wọ́n ní ìyẹn ti di àlejò tí kò ní láárí, ó lè má yọjú fún oṣù méjì, tó bá sì ti wá tó lọ, ó tún máa pa dà wá bí ẹni tó gbàgbé fìlà. Ni nọ́ọ̀sì bá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò ní kú, Ìyá. Ọjọ́ orí yín ló tó o. Ara yín ń kúrò ní ipò ọmọ bíbí, ó ń kó ẹrù rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń kó ẹrù, ṣé kò ní da ilé rú ni?” Ó ní kí wọ́n máa wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí wọ́n dín kọfí kù, kí wọ́n máa rìn díẹ̀ láàárọ̀, tó bá sì le ju agbára lọ kí wọ́n pa dà wá, pé oògùn wà. Lóde níbẹ̀, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó! Ẹrù lásán ni wọ́n ń kó!

Bí èmi àti wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dọ́gbọ́n sí i nìyẹn. Kí oòrùn tó le, a ti lọ gbogbo aṣọ tó nípọn. Mo so fáànù kékeré mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì wọn. A rẹ táwẹ́ẹ̀lì funfun kan sómi, a fún un, a ká a, a kì í sínú fíríìjì pẹ̀lú aṣọ oníbàárà, tí ooru bá ti dé, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n á mí hẹ̀ẹ̀! A tún ní àmì kan. Tí wọ́n bá ti fi ìka gbá tábìlì, kò, kò, mi ò ní béèrè ohunkóhun, màá gba àyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ wọn, màá parí ohun tí wọ́n ń lọ̀, àwọn á lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ooru á fi kọjá. Bàbá mi ò mọ̀ o. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn. Ojú, Àǹtí Àgbà! Ṣé àwọn ni wọ́n dá ara wọn ni?

Ó wá kan ọ̀gá ilé-ìwé, ẹni tí mo sá kúrò ní kíláàsì wọn. Wọ́n gbé ṣòkòtò funfun kan wá, wọ́n ní ìpàdé pàtàkì kan wà táwọn fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ, kó gún, kó lè gé èèyàn lọ́wọ́. A wọ́n omi sí i, a ká a, ọ̀rá ti tán lọ́jọ́ náà, ó wọ fíríìjì bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ! Ooru dé. Mo kọ̀yìn, mò ń lọ kọ́là. Màmá mi ṣí fíríìjì, wọ́n na ọwọ́ wọlé, wọ́n fà á yọ láìwò ó, ó di ọrùn, hẹ̀ẹ̀! Nígbà tí màá fi bojú wẹ̀yìn, ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan ń rọ̀ lápá ọ̀tún àyà wọn, èkejì lápá òsì, bọ́tìnnì rẹ̀ ń dán lábẹ́ àgbọ̀n wọn, ọ̀gá ilé-ìwé sì ti wọlé.

“Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Alágbàfọ̀. Ṣòkòtò mi ńkọ́?”

Màmá mi gbé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, wọ́n fi nu iwájú orí, wọ́n ní, “Ó wà nínú fíríìjì, Ọ̀gá. Ọmọ mi á gbé e wá fún yín nísinsìnyí.”

Ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Àwọn obìnrin méjì tó wá gba aṣọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi wọlé dé láti wá mú kọ́kọ́rọ́, bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Ìyá, kí ni mò ń wò lọ́rùn yín yẹn?” Màmá mi bojú wolẹ̀, wọ́n rí i. Wọ́n wá nàka sí mi, èmi ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n ní, “Wàhálà ni! Òun ló gbé e kọ́ mi lọ́rùn!” Ọ̀gá ilé-ìwé ní, “Áà, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, òun ló fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mí mọ́ àga.” Ó parí! Ẹjọ́ dá! Bàbá mi ò béèrè ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi. Wẹ́dà!

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́? Kò, kò. Mò ń bọ̀, Àǹtí Àgbà, ẹ má dìde.

Mo ti dé. Aṣọ nọ́ọ̀sì ni wọ́n ń lọ̀, ó ku apá kan, mo ti parí ẹ̀. Wọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gba atẹ́gùn. Ṣé ẹ rí i báyìí? Tí mo bá lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ta ló máa gba àyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́ wọn? Bàbá mi? Bàbá mi tó jẹ́ pé tí wọ́n bá gbọ́ kò, kò, wọ́n á ní, “Ẹ wọlé”! Nítorí náà ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ẹ̀yin ti kọjá níbẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ yín fún ọdún mélòó kan, mo rántí! Ẹ pe Bàbá mi jókòó, ẹ sọ ti ara yín fún wọn, ẹ sọ ohun tí ara obìnrin máa ń ṣe, kí wọ́n mọ̀ pé wèrè kọ́, àìsàn kọ́, àwàdà mi kọ́. Kí wọ́n tú àpò yẹn.

Ẹ dúró, níbo lẹ ń lọ? Ẹ fẹ́ lọ bi Màmá mi pé kí ló dé tí wọ́n fi purọ́ mọ́ mi? Háà! Ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n o, ẹ jókòó kí n yọ egungun ẹja yẹn fún yín.

Wọn ò nàka sí mi. Ibi tí mo ti fi irọ́ sí i nìyẹn. Wọ́n rí ṣòkòtò náà, àwọn obìnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín, Bàbá mi ń wò wọ́n bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí, omi wá bẹ̀rẹ̀ sí í lé sí wọn lójú bíi ti ọjọ́ òkìtì aṣọ. Kò sẹ́ni tó tì mí. Ọwọ́ mi ló lọ sókè, mo ní, “Èmi ni. Mo fi ṣeré ni.” Ẹ ò bá rí ojú ọ̀gá ilé-ìwé, Àǹtí Àgbà! Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó sí kíláàsì wọn, mi ò gbé ọwọ́ sókè rí!