Mo Tú Ṣọ́ọ̀lù Ìyá Fọlákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lábẹ́ aṣọ. Ọkọ mi ò mọ̀, pásítọ̀ wa ò mọ̀. Ǹ bá sì dákẹ́ títí n ó fi kú, àfi bí Fọlákẹ́ ṣe wọlé tọ̀ mí wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó gbé ohun tí mo ń sá fún lé mi lẹ́sẹ̀. Sátidé tó ń bọ̀ ló máa padà wá gbà á. Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Fọlákẹ́ kì í ṣe ẹbí mi. Inú ilé kan náà la jọ gbé ní Agbowó, ilẹ̀kùn wọn kọjú sí tiwa. Mo jù ú lọ díẹ̀, ló ṣe máa ń pè mí ní Ìyá Délé. Èmi ti bí mẹ́ta. Òun ò tíì bí rárá, ó sì ti pẹ́ nílé ọkọ.

Nítíìnì ni iṣẹ́ mi, abẹ́rẹ́ gígùn méjì àti òwú. Mi ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún oníbàárà pé ó tó. Kádígààn àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kan ní Bódìjà ń bẹ lọ́wọ́ mi, fìlà ọyẹ́ ń bẹ, súwẹ́tà ọ̀gá ọkọ mi níbi iṣẹ́ ń bẹ, ìbọ̀sẹ̀ ọmọ tuntun náà ń bẹ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, mo fi wọ́n kọ́ ìṣó lára ògiri. Mo lè máa hun apá kádígààn kí ẹ̀wà máa jóná lórí sítóòfù, kí Délé sì máa pariwo pé àbúrò òun ti jókòó lé abẹ́rẹ́. Ọkọ mi á ní, "Parí ọ̀kan kí o tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn." Màá ní kó fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹnu mi mú nígbà yẹn.

Fọlákẹ́ ló máa ń gbà mí. Tó bá ti rí i pé iṣẹ́ fẹ́ pa mí, á wọlé, á gbé àbíkẹ́yìn mi pọ̀n, á ní, "Ìyá Délé, ẹ máa hun tiyín lọ." Á gbé e yí ká àgbàlá títí tó máa fi sùn. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Ẹ ò lè mọ̀ pé ẹkún wà níbẹ̀.

Ṣakí ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Màmá yẹn mọ nítíìnì ju èmi lọ, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá òyìnbó míṣọ́n ni wọ́n ti kọ́ ọ ní kékeré. Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ṣọ́ọ̀lù fún ọmọ tí Fọlákẹ́ máa bí. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àmọ́ wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni bá wọn fọwọ́ kàn án. Wọn ò tíì dé ìdajì tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Fọlákẹ́ gbé e bọ̀ láti ibi ìsìnkú, abẹ́rẹ́ ṣì wà lára rẹ̀, ìyókù òwú rẹ̀ sì wà nínú ọ̀rá. Ó ní, "Ìyá Délé, lọ́jọ́ tí Ọlọ́run bá dá mi lóhùn, ẹ ó bá mi parí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín." Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Obìnrin tí kò tíì lóyún kì í kó ẹrù ọmọ pamọ́ sílé, wọ́n á ní ó ń pe ẹkún. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní òun ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Bó ṣe di ọ̀kan lára àwọn ọ̀rá tó wà lára ògiri mi nìyẹn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan Fọlákẹ́ á wọlé, á fọwọ́ kan ọ̀rá náà, kò ní gbé e sọ̀ kalẹ̀, á jáde.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó yá, ojú mi ò rí ọ̀rá yẹn mọ́.

Lọ́dún tí ìlú dàrú nítorí ìbò tí wọ́n wọ́gi lé, àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ. Ọkọ mi ti fọ́nnu fún gbogbo ẹbí pé ìyàwó òun ló máa gbé ṣọ́ọ̀lù ìkómọ wá. Ó sọ fún mi, mo gbàgbé. Iṣẹ́ mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìgbà tó ku díẹ̀ kí ìkómọ pé ni mo rántí, kò sì sí òwú funfun kan lọ́wọ́ mi. Ọjà Dùgbẹ̀ tì pa. Wọ́n ń dáná sun táyà lójú ọ̀nà, ta ló fẹ́ lọ ra òwú?

Mo gbójú sókè, mo rí ọ̀rá Fọlákẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Mo sọ fún ara mi pé màá ra òwú mìíràn tí ọjà bá ṣí. Àmọ́ ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn mi kọ́ nìyẹn. Ohun tí mo sọ nínú ọkàn mi ni pé, "Ta ló tiẹ̀ fẹ́ lò ó?" Mo ti pa ilẹ̀kùn ọmọ bíbí dé mọ́ ọ̀rẹ́ mi. Mo fa abẹ́rẹ́ yọ, mo fa òwú, iṣẹ́ ọwọ́ màmá yẹn sì ń tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mò ń gbọ́ ohùn Fọlákẹ́ ní àgbàlá, ó ń kọrin fún àwọn ọmọ mi, kí n lè ráyè ṣiṣẹ́.

Mo fi òwú yẹn àti ìyókù inú ọ̀rá hun òmíràn, mo fi àkísà kún ọ̀rá náà, mo gbé e kọ́ padà, mo sì gbé ṣọ́ọ̀lù lọ síbi ìkómọ. Wọ́n yìn mí, ìyá ọkọ mi gbàdúrà fún mi. Mi ò lè jẹun níbẹ̀.

Ọdún ò tíì yí po tí Fọlákẹ́ fi wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ilẹ̀kùn, ó gbá mi mú. Ó ní, "Ìyá Délé, Ọlọ́run ti dá mi lóhùn o. Ẹ sọ ti Màámi kalẹ̀." Háà! Mo yọ̀, mo yọ̀ débi pé mo sunkún. Òun rò pé ayọ̀ nìkan ni.

Mi ò sọ fún un. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án títí n ó fi parí rẹ̀. Mo lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀, ó ti funfun jù, mo fi omi tíì rẹ ẹ́ kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́, mo fi káńfọ̀ sí i kó lè máa ta òórùn àpótí àgbà. Mo rántí bí màmá ṣe ń hun, nítorí ojú mi ti rí i nígbà tí mò ń tú u. Níbi tí ọwọ́ wọn ti gbọ̀n, mo mọ̀ọ́mọ̀ dẹ òwú. Níbi tí wọ́n ti fà á le, mo fà á le. Mo hun ún wúruwùru bí aláìsàn, títí dé ibi tí wọ́n bá a dé. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi ọwọ́ ara mi parí rẹ̀, tó dán dáadáa.

Lọ́jọ́ ìkómọ Ìbùkún, ọmọ tó bí, Fọlákẹ́ fi ibi wúruwùru yẹn bo ojú. Ó ní, "Òórùn Màámi rèé." Gbogbo ilé ń nu ojú.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń sá fún un. Òun àti ọkọ rẹ̀ kọ́lé sí Moniya, wọ́n kó lọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Kò pẹ́ tí àárò rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ mí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ dákẹ́. Mo dé Ojoo lọ́pọ̀ ìgbà láti wọ ọkọ̀ Moniya, màá dúró títí, màá padà sílé. Mò ń wá ẹni tó máa sọ pé, "Ẹ máa hun tiyín lọ." Mi ò rí irú rẹ̀ mọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá, oyún mìíràn wà nínú rẹ̀. Ó gbé ṣọ́ọ̀lù náà jáde, eku ti jẹ etí rẹ̀ lápá tó dán. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Délé, tiyín ni eku jẹ o, wọ́n bọ̀wọ̀ fún Màámi. Ẹ tú tiyín kí ẹ tún un hun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kan tiwọn." Ó tẹ́ ibi wúruwùru náà sórí itan. Ó ní tí ilé ayé bá sú òun, òun máa ń fọwọ́ pa ibẹ̀ yẹn, á sì dà bíi pé Màámi di òun lọ́wọ́ mú.

Mo ti tú tèmi. Mo dé ojú ibi tí ó rí wúruwùru, mo dúró. Ọwọ́ mi ló hun gbogbo ẹ̀, àmọ́ mi ò lè fà á mọ́, ó ń ṣe mí bíi pé màmá yẹn ni mo tún fẹ́ pa.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tí mo bá sọ fún Fọlákẹ́, mo gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì tún máa mọ̀ pé èmi náà ò gbàgbọ́ pé ó máa bímọ. Tí mi ò bá sọ, n ò lè jókòó tì í mọ́ láyé mi, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni mo fẹ́ jókòó tì.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé. Ṣé kí n sọ ọ́? Àbí kí n jẹ́ kó máa di ọwọ́ mi mú lọ, kó máa pè é ní ọwọ́ ìyá rẹ̀?