Ìkókoré Tí Rose Ń Sè fún Màmá

Ẹ ti ilẹ̀kùn yẹn, kí ẹ jókòó. Ó ti rẹ̀ mí. Dókítà ti sọ ohun tó sọ, ẹ ń fi í pamọ́ fún mi, ṣùgbọ́n ojú yín ti sọ ọ́ tán. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Akọ̀wé, ẹ̀yin àbúrò ọkọ mi, ẹ̀yin gan-an ni mo ránṣẹ́ pè, nítorí èmi Adébùsọ́lá ni mo lé Rose àfẹ́sọ́nà yín lọ. Màmá tó bí yín kọ́. Rose kì í ṣe òpùrọ́. Èmi ni òpùrọ́ náà.

Ẹ rántí pé Màmá kò fẹ́ ẹ nígbà tí ẹ mú un wá láti Ẹfọ̀n. Wọ́n ní ará òkè ni, kí ló mọ̀ ju iyán lọ, kó má tẹ ilé àwọn ní Ayépé títí yóò fi mọ ìkókoré Ìjẹ̀bú sè. Ẹ rò pé àwàdà ni, ẹ fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ padà sí Kàdúná níbi iṣẹ́ yín. Rose kò kà á sí àwàdà. Ọdún 1984 ni, ọdún tí gbogbo ayé ń tò fún súgà àti mílíìkì. Bí ọmọbìnrin yìí bá ti kọ́ni tán ní Ìjẹ̀bú-Òde, á délé, á máa rin ewùrà títí ọwọ́ rẹ̀ á fi máa yún un. Á yan ata lórí ẹyín iná kó tó lọ̀ ọ́, ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa ṣe rí. Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó gbé e sínú kúlà, ó fi aṣọ funfun dì í, ó kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e fún Màmá. Ẹ má tíì sọ pé èmi ni o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ ná. Bí wọ́n bá bèèrè ẹni tó sè é, kí ẹ wá dárúkọ mi, èmi náà á sì wá kí wọn."

Màmá bèèrè. Wọn ò tíì gbé ṣíbí kejì sẹ́nu tí wọ́n fi ní, "Ta ló se èyí?" Orúkọ Rose wà lẹ́nu mi, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ni mo ti ń gbé oúnjẹ fún Màmá, "o ṣeun" gbẹrẹfu ni mò ń gbà. Lọ́jọ́ yẹn, ojú wọn tàn. Mo ní, "Èmi ni, Màmá." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Adébùsọ́lá, o wá mọ oúnjẹ sè lọ́jọ́ ogbó!" Bí mo ṣe jí ìyìn ẹlòmíràn nìyẹn, ó sì dùn mọ́ mi.

Ẹyin lohùn. Mo délé, Rose ti ń dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. "Wọ́n bèèrè, Àǹtí?" Mo ní wọn ò bèèrè, pé wọ́n kàn tọ́ ọ wò, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ wo ìkà! Ó ní bóyá ẹja ló kéré. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó lọ títí dé Ìmùṣin nítorí ewùrà tó dáa. Bẹ́ẹ̀ la ń bá a bọ̀, òun ń sè, èmi ń gba ìwúre, títí Kérésìmesì fi dé.

Lọ́jọ́ Kérésìmesì, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó gbé kúlà fúnra rẹ̀, ó tẹ̀lé mi lọ sí Ayépé. Nítorí àlejò tó wà nílẹ̀, Màmá gbà á. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yíjú sí mi. "Adébùsọ́lá, ṣé ọwọ́ tìrẹ kọ́ lèyí?" Mo lè sọ òótọ́ níbẹ̀, kí ó tán síbẹ̀. Mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun sè é, kí òun lè fi tàn yín." Màmá ní, "Oúnjẹ olóúnjẹ lo fẹ́ fi wọlé mi?" Rose kò bá wọn jiyàn. Èmi ló kọjú sí. "Àǹtí, ẹ wo ojú mi." Ilẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tí ẹ dé láti Kàdúná, ó bẹ̀ yín, ó ní òun ló ń sè é láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ bi mí, mo ní irọ́ ni. Ẹ ní ẹ ò lè fẹ́ òpùrọ́, ó sì kó ẹrù rẹ̀ padà sí Ẹfọ̀n.

Láti ìgbà náà, àwáwí ni mò ń wá fún Màmá: ewùrà wọ́n, ara mi ò yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, ìkókoré "mi" nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Mo yan ata bí mo ṣe rí i tí Rose ń ṣe. Wọ́n fi kan ẹnu, omijé bọ́ lójú wọn. "Àìsàn yìí ti ba ẹnu mi jẹ́. Mi ò mọ adùn ọwọ́ rẹ mọ́." Wọn ò jẹun gidi mọ́ títí wọ́n fi kú. Síbẹ̀ wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní, "Ẹni tó ń se oúnjẹ yẹn fún mi, ayé á yẹ ẹ́." Mo ṣe àmín. Àdúrà tí kì í ṣe tèmi, mo ṣe àmín sí i.

Ẹ má tíì sọ pé ẹ dárí jì mí, Akọ̀wé. Kì í ṣe ọwọ́ yín ló wà. Wọ́n ní Rose ṣì ń kọ́ni ní Ẹfọ̀n. Ẹ lọ bá a. Ẹ má fi ẹ̀bẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé Màmá fẹ́ràn oúnjẹ rẹ̀, pé kò sí èyí tí wọ́n tún fẹ́ títí wọ́n fi lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí.