Àwọ̀ Méjì Tó Gbogbo Ọ̀sà

Lọ́jọ́ tí èmi àti ìyàwó mi jọ ra ẹja kẹ́yìn ní Ajido, bó ṣe ń ṣa ẹja, apẹja méjì ń jà.

"O kó ẹja inú àwọ̀n mi!"

"Bọ̀ọ̀dá, àwọ̀n tí ike orí omi rẹ̀ pupa ni mo fà. Pupa ni tèmi."

"Tèmi náà pupa, a sì pààlà! Kí ló dé tó ò lo funfun?"

"Ẹni tó wà nípẹ̀kun ọ̀hún ti lò ó."

"Òmùgọ̀! Ṣé àwọ̀n tiẹ̀ kan tìẹ ni? Ẹni tó bá ẹ pààlà nìkan ni kó o yàtọ̀ sí! Tí a bá tò lọ lórí ìlà kan báyìí, àwọ̀ méjì tó gbogbo wa!"

Ìyàwó mi ní kí n fi ọ̀rọ̀ wọn kọ́ kíláàsì ìṣirò mi.

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe nìyẹn. Mo ya àmì róbótó fún àwọ̀n kọ̀ọ̀kan lójú pátákó kíláàsì, mo fa ìlà láàárín àwọn tó pààlà, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì pupa àti funfun kùn wọ́n dópin. Méjì tó.