Akínọlá àti Bàtà Tíṣà Àgbà

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹnu mi ò gba ọpẹ́, ṣùgbọ́n màá sọ èyí tí mo lè sọ.

Èmi ni Ìyá Akínọlá, láti Beyerúnkà n'Íbàdàn níbí. Ọmọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní súkúùlù. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, tí pápá gbẹ, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré, háà! Kò sí ìgbà tó jáde tí kò gbá a wọlé. Títí dé Ọjà'ba ni wọ́n ń kí mi ní "Ìyá Ẹlẹ́sẹ̀ Àrà". Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń sanwó súkúùlù rẹ̀, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyàwó, iná pòròpórò ni ọmọ rẹ. Á jó fòò, á kú. Bí iná náà bá kú, oko ló ń lọ, súkúùlù tán nìyẹn."

Inú tíṣà àgbà dùn sí Akínọlá, ló bá fi bàtà òyìnbó ta á lọ́rẹ. Awọ líle ni. Ó tóbi jù, mo bá fi àkísà dí i nímú. Ẹ ò rí i pé iyì ni! Àfi bí ọmọ mi ò ṣe rí góòlù mọ́. Á sáré, á ṣubú. Àwọn tó ń kí mi bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún mi lọ́nà. Mo ní ayé ti rí ọmọ mi. Mo gbààwẹ̀, mo fi àdúrà bá ọ̀tá ilé jà, mo bá tòde jà, títí ohùn mi fi há. Ọmọ náà ní, "Ìyá mi, ẹ wò ó, n ò mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ mi mọ́." Mo ní kó panu mọ́, ta ní í kọ ẹ̀bùn àgbà? Kò jẹun mọ́, ará. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Àná ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn ọmọ Mólété. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ra ọkọ́ dè é. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, gbogbo àdúrà ti tán lẹ́nu mi, mo kàn ń wí pé, "Olúwa, jẹ́ kí alẹ́ ọmọ mi sàn ju òwúrọ̀ rẹ̀ lọ."

Bí wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni olóyè kan dé láti Bẹẹrẹ. Ẹ sì mọ Ìbàdàn wa, ta ló tó wọ bàtà níwájú olóyè? Akínọlá bọ́ bàtà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Kó tó dìde, fèrè dún, bọ́ọ̀lù ti ń lọ! Ọmọ mi gbàgbé bàtà síbẹ̀, ó fẹsẹ̀ lásán gbá tẹ̀ lé e.

Ará, ó gbá a wọlé! Ó tún gbá òmíràn! Tíṣà àgbà fúnra rẹ̀ ló ń pariwo pé, "Má wọ̀ ọ́ mọ́ o! Fi sílẹ̀ níbẹ̀!" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló sì kọ́kọ́ gbé e sọ́rùn.

Lálẹ́ àná, Akínọlá jẹun, ó tún bèèrè sí i. Ọkàn mi balẹ̀ wàyí. Bí agogo súkúùlù bá lù lọ́la, ọmọ mi wà lára àwọn tó máa dá a lóhùn. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Olúwa!