Agnes Ló Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tó Ń Mú Àfòpiná Dé Inú Àgbàdo

Alága àpèjọ wa, mo kí yín. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fi ilé sílẹ̀ nítorí ìfẹ̀yìntì mi, ẹ̀yin àgbẹ̀ Ìgbàrà-Òkè, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa, mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Mo sì kí yín, Ìyáàfin Agnes Bísọ́dún, ẹ̀yin tí ẹ ti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́ lónìí, tí ẹ jókòó sí ìlà kẹta. Iṣẹ́ yín ni mo fi orúkọ ara mi tẹ̀ jáde ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn. Ẹ kò fún mi. Mo gbà á ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Àwọn tó dàgbà nínú yín rántí ìgbà Sáàpù, tí owó náírà já wálẹ̀. Oògùn kòkòrò wọ́n bí ojú. Kòkòrò ń jẹ igi àgbàdo láti inú, àfòpiná ló sì ń yé ẹyin tó ń di kòkòrò náà. Kí ni èmi tí mo kàwé dé òkè òkun sọ? Mo ní ojú ni àfòpiná fi ń wá àgbàdo. Mo pàṣẹ fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n gé gbogbo eèsún tó hù sí etí oko, kí ó má baà rí ibi fara pamọ́ sí. Wọ́n gé e. Àgbàdo wọn bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Agnes ló ń fọ ìgò, tó ń bọ́ kòkòrò fún wa ní ibùdó ìwádìí. Ìwé mẹ́wàá ló kà. Lọ́jọ́ kan mo bá a tó ń fi ṣóńṣó ìyẹ́ adìyẹ ra òrí sí ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí àfòpiná.

Mo ní, "Agnes, ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tí o fi ń fi òrí pa á lára?"

Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ fi í sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì ń ríran. Tó bá wá fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàdo, ẹ ó sọ ohun tó ṣe é fún mi."

Ó fò kọjá lóòótọ́, nítorí òrí ti dí ìwo tó fi ń gbóòórùn. Àwọn tí a kò fi òrí ra ìwo wọn sì bà lé ewé tààrà. Ogójì ọjọ́ ni Agnes fi ń dán an wò, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó gbé eèsún sí ẹ̀gbẹ́ àgbàdo, orí eèsún ni púpọ̀ nínú wọn yé ẹyin sí, oje eèsún sì ń lẹ̀ mọ́ ọmọ wọn títí wọ́n fi ń kú. Eèsún tí mo ní kí wọ́n gé ló ti ń gba àgbàdo sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tí kò tó ìka ọwọ́, tí ìwo rẹ̀ kún fún irun wínníwínní. Irun kọ̀ọ̀kan ní ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, inú ihò náà ni ohun tó ń gba òórùn mọ́ra wà: ti òmíràn jẹ́ òórùn ewé, ti òmíràn jẹ́ òórùn abo tó ń pe akọ láti ọ̀nà jíjìn. Bí òórùn bá ti kàn án, ìròyìn dé ọpọlọ, ìyẹ́ yí padà. Ta ló máa rí èyí tí kò ní yin Ẹlẹ́dàá? Ta ló sì máa rí obìnrin tó fi òrí àti ìyẹ́ adìyẹ mọ̀ ọ́n, tí kò ní bọ̀wọ̀ fún un?

Èmi ni. Mo tẹ iṣẹ́ náà jáde, n kò dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí yunifásítì ní kí ó mú ẹ̀rí iṣẹ́ rẹ̀ wá kí wọ́n tó gbà á, ó wá bẹ̀ mí fún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

Ó wò mí. Ó ní, "Ikán yẹn mọ̀wé o, Ọ̀gá."

Ó padà sí Oǹdó, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó tẹ iṣẹ́ náà jáde, wọ́n sì ti gbà láti fi orúkọ Agnes Bísọ́dún sí i. Akínsànyà tó gba ipò mi ní ibùdó ìwádìí, ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ jù mí lọ, ni yóò rí i pé wọ́n ṣe é.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ yín di ti ẹlòmíràn. Kí oko yín so. Kí ẹni tó jẹ́ ọ̀gá yín máa fetí sí yín.

Ìyáàfin Agnes, ẹ má dìde. Èmi ni mo máa rìn wá. N kò ní bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí níwájú èrò. Ọ̀rọ̀ tó bá wù yín lẹ máa sọ, nígbà tó bá wù yín. Ìwé yín nìyí, ojú ewé kan kò ya. Ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ wá.